Earwig ń wọ bálùwẹ̀ wa, ọmọ mi ò fẹ́ sùn mọ́

Ìyá Tóbi, Chatham

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìsàlẹ̀ là ń gbé nínú ilé bíríkì àtijọ́ kan ní Chatham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ̀yìnkùlé sì ni ilẹ̀kùn kíṣìnnì wa kọjú sí. Látìgbà tí ooru ti dé ni kòkòrò kan ti ń wọlé. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ara rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ní ẹ̀mú nídìí. Earwig ni òyìnbó aládùúgbò mi pè é. Bí mo bá tan iná bálùwẹ̀ lóru, wọn á máa sá wọ abẹ́ rọ́ọ̀gì ìnusẹ̀. Mo gbọn táwẹ̀lì lánàá, ọ̀kan já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

Ti Tóbi ló ká mi lára jù. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ fún un pé etí ni wọ́n ń gbà wọ ọpọlọ èèyàn. Òwú ló ń fi dí etí sùn báyìí. Ìyá ọkọ mi pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní kí n da kẹrosíìnì sí ìdí ògiri. Ọ̀rẹ́ mi kan náà ní ìgò ògùn kòkòrò kékeré tó gbé bọ̀ láti Èkó, èyí tí gbogbo wa mọ̀ nílé, ó ní kí n fi fọ́n yàrá kí n sì ti ilẹ̀kùn. Èwo ni kí n ṣe? Mo tún gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mi ò fẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́.

Àǹtí Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ìyá Tóbi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ṣáájú, torí ó ń já mi láyà. Ẹ má ṣí i rárá. Dichlorvos ló máa ń wà nínú irú ògùn bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá títà rẹ̀ dúró láti 2002, nílé pàápàá NAFDAC fòfin de títà ìgò 100ml rẹ̀ lọ́jà ní 2019. Májèlé iṣan ara ni, ó ń gba imú àti awọ ara wọlé, yàrá tí ọmọdé ń sùn kọ́ ló yẹ kó dé. Kí ọ̀rẹ́ yín má sì dà á sí gọ́tà o. Kó bi káńsù ibi tí wọ́n ti ń gba irú rẹ̀. Kẹrosíìnì náà, ẹ bá mi bẹ Màmá: òórùn rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, ó sì lè fa iná.

Ti etí, irọ́ ni. Kòkòrò èyíkéyìí lè ṣèèṣì kó sí etí ẹni tó ń sùn, ṣùgbọ́n eléyìí kì í wá etí kiri, kì í yé síbẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà dé ọpọlọ. Tí ẹ bá fọwọ́ mú un, ó lè fi ẹ̀mú yẹn fún yín níka díẹ̀, kò lóró. Ẹ fi ife gíláàsì dé ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí Tóbi wò ó dáadáa. Ẹ̀mú akọ tẹ̀, ti abo fẹ́rẹ̀ẹ́ gún tààrà. Ọmọ tó bá ti lè dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo, ẹ̀rù rẹ̀ á dín kù.

Ẹ tún sọ èyí fún un. Mo ní ilẹ̀ káńsù tí mo fi ń dáko. Ní ìgbà òtútù kan, mo gbé òkúta pẹrẹsẹ kan kúrò nílẹ̀, mo bá abo earwig kan lórí ẹyin funfun wẹ́wẹ́. Ẹyin náà fọ́n ká nígbà tí òkúta ṣí. Kò sá. Ó ń fi ẹnu kó wọn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan padà sínú ihò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣọ́ wọn títí wọn á fi di ọmọ, tí á máa lá wọn kí èbu má bàa mú wọn. Mo rọra dá òkúta náà padà.

Ó dáa, ti ilé yín. Wọn kì í bí sínú ilé, gbígbẹ inú ilé ló ń pa wọ́n. Ìta ni gbogbo èyí tí ẹ ń rí ti ń wá, lálaalẹ́. Ibi tó há, tó ṣókùnkùn, tó sì tutù ni wọ́n ń sá sí lọ́sàn-án, ike ẹ̀fọ́ tó fara ti ògiri sì bá wọn lára mu gan-an. Ẹ sún àwọn ike yẹn kúrò lára ògiri, ẹ gbé wọn lé bíríkì kí abẹ́ wọn lè gbẹ, kí ẹ sì máa bomi rin wọ́n láàárọ̀ dípò alẹ́. Ẹ gbá ewé gbígbẹ àti páálí kúrò nídìí ilé. Ẹ gbé rọ́ọ̀gì bálùwẹ̀ kọ́, ẹ wo páìpù abẹ́ síǹkì bóyá ó ń jò. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì jáde, ẹ tẹ̀ lé wọn lójú títí ẹ ó fi rí ihò tí wọ́n ń gbà wọlé. Iṣẹ́ alẹ́ yẹn ju gbogbo ògùn lọ.

Ẹ ká ìwé ìròyìn tó tutù díẹ̀, ẹ fi sídìí ike lálẹ́. Wọ́n á wọ inú rẹ̀. Láàárọ̀, èmi máa ń gbọn tèmi sábẹ́ igi ápù, torí wọ́n ń jẹ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé mu. Tẹ̀tẹ̀ tó ti dàgbà, wọ́n kàn lè lu ihò sí ewé rẹ̀ ni. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni kí ẹ ṣọ́.

Bàbá Dáre, Providence

Àǹtí, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò lè tú wọn sílẹ̀ ní tèmi. Amẹ́ríkà kọ́ ni orírun wọn, láti Yúróòpù ni wọ́n ti wá. Wọ́n rí wọn ní Seattle ní 1907, wọ́n sì rí wọn ní Newport, ní Rhode Island, ìpínlẹ̀ wa níbí, ní 1911. Irun àgbàdo mi ni wọ́n ń jẹ, àgbàdo ò sì ní lómọ dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Agolo sádìnì ni mo ń lò. Mo máa ń ri í mọ́lẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, màá wá da òróró díẹ̀ lé ìyókù òróró ẹja. Òórùn yẹn ń pè wọ́n, wọ́n á sì rì sínú rẹ̀. Tí iná ìta yín bá funfun, tó ń fà wọ́n wá, ẹ fi gílóòbù yẹ́lò rọ́pò rẹ̀.

Ìyá Tóbi, Chatham

Ẹ ṣé gan-an ni, Àǹtí. Ẹ ṣé, Bàbá Dáre. Mo ti dá ìgò padà fún ọ̀rẹ́ mi, mo sì ti fún un ní nọ́ńbà káńsù. Tóbi ló mú tọ́ọ̀ṣì, òun náà ló rí i: àyíká páìpù ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n ń gbà wọlé, àti inú bíríkì oníhò kan nísàlẹ̀ ògiri. Lánlọ́ọ̀dù ò tíì dáhùn. Ṣé kí n fi sìmẹ́ńtì dí méjèèjì?

Àǹtí Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ẹ kí Tóbi fún mi! Ti páìpù, ẹ fi sílíkónì dí i yípo. Bíríkì oníhò yẹn, ẹ má dí i o, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ abẹ́ pákó ilẹ̀. Tí ẹ bá dí i, ọ̀rinrin á pọ̀ sí i, pákó á sì jẹrà. Nẹ́ẹ̀tì onírin tó ní ojú kéékèèké ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn láti ìta. Ẹ kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó kàn án o, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà.