Ṣé ohùn tí a ń kọ ló ń yan orin fún wa?

BáàsìÒwé

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Báàsì ni mí, ohùn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Kàbà, ọdún kẹtàdínlógún rèé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi mí lọ́jọ́ kan pé nínú gbogbo orin Handel àti Bach tí mo ń fi fóònù gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èwo ni mo fẹ́ràn jù. N kò tilẹ̀ ronú kí n tó dáhùn: Messiah ti Handel, ìparí rẹ̀ pátápátá, "Amen". Ó ní kí ló dé. Mo ní torí pé àwa báàsì la kọ́kọ́ ń wọlé níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi pé gààrí tó ń yan fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná.

Àmọ́ òótọ́ ni mo sọ. Ẹ gbọ́ "Hallelujah" dáadáa, ibi tí wọ́n ti ní yóò jọba láé àti láéláé: báàsì ló kọ́kọ́ gbé e. "Blessing and honour", àwa àti tẹ́nọ̀, ohùn ọkùnrin tó ga ju tiwa lọ, la jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ohùn kan ṣoṣo. "The trumpet shall sound", báàsì àti kàkàkí ló ni ín. Ọjọ́ 24 péré ni Handel fi kọ odidi iṣẹ́ yẹn lọ́dún 1741, kò sì gbàgbé wa. Kódà nínú Requiem ti Mozart, orin ìsìn òkú, "Tuba mirum" ni mo máa ń tún gbọ́, níbi tí báàsì àti tròḿbóònù ti ń dá ara wọn lóhùn. Èyí tó kù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mo máa ń fò ó.

Ìrọ̀lẹ́ Àjíǹde tó kọjá, a ti dé ẹnu "Amen" náà gan-an ni iná lọ. Dùùrù dákẹ́. Ẹni tó yẹ kó lọ tan jẹnẹrétọ̀ kò sí nítòsí (ẹ má bi mí níbi tó lọ). Ọ̀gá akọrin kò sọ̀rọ̀, ó kàn na ọwọ́ sí wa nínú òkùnkùn. Àwa mẹ́rin ni, ọ̀kan ń ṣe ọ̀fìnkìn. A gbé e. Tẹ́nọ̀ bá wa, áàtò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, tẹ̀ lé wọn, tírẹ́bù tó ga jù dé. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn òyìnbó tó mọ̀ ọ́n kọ jù wá lọ bá ń kọ ọ́ lórí fóònù mi, ohùn àwa mẹ́rin yẹn ni mo ń gbọ́ nísàlẹ̀ tiwọn.

Ṣé bó ṣe rí fún ẹ̀yin náà nìyẹn? Ṣé ohùn tẹ́ ẹ ń kọ ló yan orin fún yín, àbí ojúsàájú tèmi ló pọ̀ jù? Ẹ má sì kàn sọ "Hallelujah" kẹ́ ẹ lọ o. Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbẹ̀

Bọ̀dá, ojúsàájú yín pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbè yín lẹ́yìn. Áàtò ni mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọlé kí ẹlòmíì tó wọlé, ẹ kò mọ ìyà. Nínú orin tí wọ́n ń kọ́ wa, sólúfà wa kì í kúrò lórí mì àti sọ̀, àfi bí ẹni tó ń lọ ata sójú kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi di ẹrú Bach. Nínú ìtàn ìjìyà Jésù gẹ́gẹ́ bí Mátíù ṣe sọ ọ́, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní Leipzig lọ́jọ́ Ẹtì Rere ọdún 1727, Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ tán, àkùkọ kọ, ó bọ́ síta, ó sunkún kíkorò. Ta ni Bach wá fún ní orin níbẹ̀? Kì í ṣe Pétérù fúnra rẹ̀, báàsì sì ni Pétérù o! Áàtò ló gbé e fún, pẹ̀lú fáólìn kan tó ń sunkún níwájú rẹ̀. "Erbarme dich": ṣàánú mi, Ọlọ́run mi. N kò gbọ́ Jámánì ju ìyẹn lọ.

Tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, tí wọ́ọ̀dù ti rọlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo máa ń fi ìgbọ́rọ̀ sí etí kan, kí èkejì lè gbọ́ aláìsàn. Etí kan náà tó. Mo ti kú tán nígbà tí fáólìn yẹn bá bẹ̀rẹ̀.

Awakọ̀Ìsánlú

Èmi tí n kò ní ohùn kankan ńkọ́? Wọ́n lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ní mò ń kọrin bí ewúrẹ́ tójò pa. Ta ló wá yan orin fún mi?

Tírélà kan ṣubú dínà lápá Ọbajànà lọ́jọ́ kan, a jókòó sójú kan láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Àwọn èrò ń bú mi bíi pé èmi ni mo gbé e ṣubú. Ọmọ yunifásítì kan ní kí n jẹ́ kí òun fi fíláàṣì òun sínú rédíò. Mo rò pé fújì ni. Ohun tó jáde ni fèrè kan tí ohùn rẹ̀ nípọn, tó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rántí ilé. Ọmọ náà ní fèrè cor anglais ni, pé Dvořák ló kọ orin náà nígbà tó wà ní Amẹ́ríkà, New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1893. Gbogbo mọ́tò pa lọ́lọ́. Màmá àgbàlagbà kan lẹ́yìn wá bi mí pé, "Awakọ̀, ta ló kú?"

Mo ti ra fíláàṣì tèmi. Orin mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, méjì jẹ́ fújì.

BàbáMọ̀pà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti kọ tẹ́nọ̀ títí ohùn fi sá fún mi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ ilé wa kan nínú gbogbo yín.

Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ kọ "King of kings" inú "Hallelujah" yẹn ní Yorùbá. Ohùn kan náà ni Handel fún tírẹ́bù níbẹ̀, kò gòkè, kò sọ̀. "Ọba" gbà á, torí àárín ni ohùn rẹ̀ méjèèjì wà. Ẹ wá gbé "Olúwa" lé ohùn kan náà, ẹ ó rí i pé kò jọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Handel kò jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ Òwé. Ṣùgbọ́n Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 dé 1962, ronú sí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ ìwé lé orin Yorùbá, tó jáde ní 1953. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹ́lá Ṣówándé ti kọ́ṣẹ́. African Suite tí Ṣówándé kọ ní 1944, tó fi "Akinla" parí, òun ni tèmi. Fáólìn àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni, pẹ̀lú háàpù, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kì í dúró tí mo bá ń gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ yìí tí dókítà ní kí n máa sinmi.

Ìwọ ọmọ Kàbà, kì í ṣe báàsì ló yan "Amen" fún ọ. Iná tó lọ ló yàn án.

BáàsìÒwé

Bàbá, ẹ ṣé sà. Ẹ ti jẹ mí níyà. Mo gbọ́ "Akinla" lẹ́ẹ̀mẹ́ta lánàá, ìyàwó mi jó sí ẹlẹ́ẹ̀kejì láì béèrè ohun tó ń jẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ tiyín náà ní òru, mo pa iná. Fáólìn yẹn dùn, áàtò náà dùn. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín: nígbà tó fi máa parí, ohun tí etí mi ń tẹ̀ lé ni báàsì tó ń rìn lábẹ́ wọn, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, láìsọ ohunkóhun.