"Ìgbẹomi" kò tó: ewé ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá "ìgbẹomi" sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún "evapotranspiration", ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n n ò lè gbà á. Ẹ ní ó dúró fún gbogbo omi tó ń ti ilẹ̀, odò àti igi gòkè lọ sójú ọ̀run, ẹ sì fi "odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ" gbè é lẹ́sẹ̀. Odò tó ti kú ni òwe yẹn ń bá wí. Ewé tó ń tu omi jáde kò gbẹ. Ọjọ́ tó bá gbẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí.

"Gbẹ" yìí gan-an ni yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹ wo odò Ògùn. Bí wọ́n bá gé igbó ìhà òkè rẹ̀, ojú ilẹ̀ á gbóná, á sì gbẹ táútáú, ẹni tó gbọ́ "ìgbẹomi" á ní ó ti pọ̀ sí i. Rárá o! Àpapọ̀ omi tó ń gòkè dín kù ni, torí gbòǹgbò tó ń fa omi láti ìsàlẹ̀ kò sí mọ́. Òjò á kàn ya lu odò, àgbàrá á le. Ìsédò Ọ̀yán, lórí odò kan tó ń ṣàn wọ Ògùn, ní tirẹ̀ ń fi kún omi tí oòrùn ń fà: adágún rẹ̀ tó hẹ́kítà 4,000, mílímítà kan péré tí oòrùn bá fà níbẹ̀ jẹ́ 40,000 kúbíìkì mítà omi.

Lásìkò ọyẹ́ ńkọ́? Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi adágún kíkankíkan, igi ní tirẹ̀ ń wọ́wé, ewé tó kù sì ń pa ihò ara rẹ̀ dé. Ọ̀kan ń pọ̀, èkejì ń dín. Ẹ fẹ́ fi "gbẹ" kan ṣoṣo pe méjèèjì?

Ẹnìkan ní abọ́ ìwọ̀n, èyí tí wọ́n ń bu omi sí láti mọ iye tí oòrùn ń fà, ti parí ìjà. Abọ́ onírin yẹn, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120.7, tó jìn ní nǹkan bíi 25, tí wọ́n gbé lé pákó, omi inú rẹ̀ nìkan ló ń wọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po nǹkan bíi 0.7 kó tó bá ti adágún mu. Bí wọn ò bá sì ta àwọ̀n bò ó, ẹyẹ àti ewúrẹ́ á mu nínú rẹ̀, iye á di irọ́. Ewé kankan kò sí níbẹ̀.

"Oòrùn fà á gbẹ" ni àwọn àgbà ń wí. Kí ti ilẹ̀ àti adágún máa jẹ́ ìfàgbẹ, kí ti igi jẹ́ òógùn ewé. Ẹ jọ̀ọ́, òógùn ni o! Ẹni tó kọ "oògùn ewé" lánàá ti gbé wa lọ sọ́dọ̀ eléwé ọmọ. Ẹni tó bá sì ní ohun tó ní awọ nìkan ló ń làágùn, kó mú èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ wá.