Àbọ̀ ìrìn àjò Gánà tí mo béèrè nípa rẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo béèrè ohun tó yẹ kéèyàn mú dání bó bá fẹ́ gba ojú títì láti Èkó lọ sí Accra nìyí. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, ẹ ṣeun gan-an.

Káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Ọjọ́ 10 ni abẹ́rẹ́ náà ń gbà kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà, kì í ṣe ohun tí à ń sáré gbà nígbà tí ìrìn àjò bá ku ọ̀la. Ẹni tó ti gbà á rí kò nílò òmíràn. Láti 2016 ni káàdì náà ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé.

A ò nílò físà fún 90 ọjọ́, àmọ́ ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ síwèé yín ní ibodè kọ̀ọ̀kan. Séfà là ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, sídì ní Gánà.

Ẹ fi aṣọ tó jọ ti sójà sílé o! Òfin Gánà kò gbà á fún aráàlú. Nọ́ńbà pàjáwìrì wọn ni 112.

Ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn. Mo ti pa á dé.