Ìró Ọbáléndé àti Makoko nínú orin: kí ni kí n ṣe sí ohùn jẹnẹrétọ̀?

Etí Ọ̀sà
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Orin oníṣẹ́jú mẹ́jọ ni mo fẹ́ fi ìró ojoojúmọ́ ṣe. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lábẹ́ ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí mo gbà ní Ọbáléndé. Bí mo bá gé "Owó dà!" kó máa tún ara rẹ̀ pè, ó ń ta "kẹ́" níbi tí mo ti gé e, tí mo bá sì fi Auto-Tune mú un bá orin mu, kò jọ "owó dà" mọ́. Piezo (àwo pẹlẹbẹ kékeré tó ń sọ ìgbọ̀n igi di ìró) tí mo lẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi ní Makoko náà ń dún tín-ín-rín, bí ẹni pé igi kọ́ ni.

Àyàn Mushin
"Kẹ́" yẹn kéré. Ibi tí ìlà ìró ti kan òdo ni kí o ti gé e, kí o sì jẹ́ kí ó wọlé, kí ó sì jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 5 sí 10.

Ti "owó dà" gan-an lọ̀rọ̀ wà. Re-mí-dò ni. Auto-Tune ń fà á sórí nóòtì kan, ó wá di re-re-re, ọ̀rọ̀ sì ti kú nìyẹn. Bí o bá yí i padà sẹ́yìn, dò-mí-re ni etí máa gbọ́. Ohun tí dùndún mọ̀ ni: ibi tí ohùn ti gun òkè, tó tún wálẹ̀, ni ìtumọ̀ wà. Dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì dípò bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á jọ sọ̀kalẹ̀ lọ́kítéèfù kan, àlàfo àárín wọn kò ní yẹ̀, a ó ṣì gbọ́ "owó dà" ketekete. Ṣùgbọ́n 96 kHz ni kí o fi gbà á (kí ẹ̀rọ máa wọn ìró nígbà ẹgbẹ̀rún 96 láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan), nítorí 48 kHz tí a bá dín sí ìdajì kì í ní ìró tín-ín-rín kankan lókè 12 kHz, ohùn á sì ṣú.

Ìró Ìlú
Ẹ má bá jẹnẹrétọ̀ jà. Iná 50 Hz (ìyípo 50 láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan) ló ń mú wá, nítorí náà ìgbà 50 ni èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ń bú láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan. Ìdajì ìyẹn, 25, ni ti olóhùn pẹ̀lẹ́ tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá gé ìsàlẹ̀ 80 Hz kúrò, àwọn ọmọ rẹ̀ (ìró tó jẹ́ ìlọ́po 50) ní 100, 150 àti 200 ṣì wà nínú ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ ò lè yọ wọ́n kí ẹ má yọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. 50 Hz fi díẹ̀ ga ju nóòtì G oní-49 Hz lọ. Ẹ yí àwọn ohun èlò yòókù bá a mu. Kí ẹ ṣọ́ra: bí ẹnìkan bá tan fìríìjì, ẹ́ńjìnnì á rọ̀, G yín á sì wálẹ̀. Ẹ gba kíkùn nìkan fún ìṣẹ́jú kan níbi kan náà, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹ gé, àlàfo ò ní hàn.

Agbára tí piezo ńlá 27 mm fi ń gba iná pamọ́ máa ń tó 20 nF. Nínú ihò máìkì tí ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ 10 kiloohm, ohun tó wà lábẹ́ 800 Hz á máa rọ̀ sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Megaohm 1 ló fẹ́; nígbà náà 8 Hz pàápàá á wọlé.

Etí Ọ̀sà
Ẹ ṣé gan-an. Níbo ni mo ti máa rí megaohm 1?

Ìró Ìlú
Ihò tí a ń ki gìtá sí lára ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà. Ẹ fi wáyà kúkurú.