Ṣé àwòrán ni fáìlì raw?

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe fáìlì raw inú kámẹ́rà, ìyẹn ohun tí kámẹ́rà kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, ní “àwòrán tútù”, ká sì pe DNG, irú fáìlì raw tí Adobe ṣe, ní “òdiwọ̀n àpapọ̀” rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dábàá. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ti àkọ́kọ́, ti ìkejì sì ń fẹ́ àtúnṣe.

“Tútù” kò burú. Ẹran tí iná ò tíì kàn, ẹran tútù là ń pè é. “Àwòrán” ló ń dà mí láàmú, torí kò tíì sí àwòrán nínú fáìlì yẹn. Iye ìmọ́lẹ̀ tí ojú kéékèèké kọ̀ọ̀kan lára sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, gbà ló wà níbẹ̀, iye kan ṣoṣo fún ojú kan. Lórí sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, ti Bayer, ìdajì àwọn ojú náà ń gba àwọ̀ ewé, ìdá kan nínú mẹ́rin ń gba pupa, ìyókù ń gba búlúù. (Fujifilm ní ètò tirẹ̀, X-Trans, tí kì í tò wọ́n bẹ́ẹ̀.) Sọ́fítíwìa ló máa fojú bu àwọ̀ méjì tó kù sí ojú kọ̀ọ̀kan kí àwòrán tó jáde. Nítorí náà, “àkọsílẹ̀ ìmọ́lẹ̀” ni tèmi. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ó nílò ẹni tó máa kà á.

Ibẹ̀ gan-an nìjà wà. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú: NEF ni ti Nikon, ARW ni ti Sony, Canon nìkan ti lo CRW, CR2 àti CR3. Ní 2005, ariwo ta nígbà tó hàn pé Nikon sọ ìwọ̀n tó ń jẹ́ kí funfun dúró ní funfun di àṣírí nínú fáìlì kámẹ́rà D2X. Konica Minolta fi òwò kámẹ́rà sílẹ̀ ní 2006, fáìlì MRW rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ọpẹ́lọpẹ́ Dave Coffin, tó bẹ̀rẹ̀ dcraw, sọ́fítíwìa tó ń ka fáìlì raw, ní 1997, tó sì tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

DNG wá ńkọ́? Adobe gbé e jáde ní 2004, orí TIFF/EP, ìlànà fáìlì àwòrán kan tó ti wà ṣáájú, ni wọ́n gbé e kà. Àlàyé rẹ̀ wà níta, kò sẹ́ni tó ń sanwó kó tó lò ó. Leica àti Pentax gbà á, Android náà gbà á, òun ló sì wà nídìí ProRAW, fáìlì raw ti Apple. Ṣùgbọ́n Canon, Nikon àti Sony ṣì ń bá tiwọn lọ nínú kámẹ́rà wọn. Àpapọ̀ wo ló wá kù? “Ìlànà gbangba” ló bá a mu.

“Gbangba” yẹn pàápàá ní ààlà. DNG fi àyè kan sílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ kámẹ́rà lè kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí, tí sọ́fítíwìa tirẹ̀ nìkan á lóye. “Àpò àdáni” ni mo fẹ́ ká pe ìyẹn, àyàfi tẹ́nì kan bá ní orúkọ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.