Àwọn bàtà tó kọjú síta
Nílé wa l'Éjìgbò, lálaalẹ́ ni bàbá àwọn ọmọ máa ń to bàtà gbogbo wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, imú bàtà á kọjú síta. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn. Bó bá pe ọmọ lẹ́ẹ̀kan tí kò dáhùn, wàhálà dé. Tá a bá fẹ́ sọdá títì, á fún ọrùn ọwọ́ ọmọ débi pé ojú ìka rẹ̀ á hàn níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní òǹrorò ni mo fẹ́.

Òǹrorò kọ́. Ọmọdé ni lọ́jọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní 2002, tí bọ́ǹbù bú ní bárékè àwọn sójà n'Íkẹjà. Gíláàsì fèrèsé ń fọ́, bàbá rẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré, ìgò là á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Àpá rẹ̀ ò tíì parẹ́. Wọ́n sá dé Òkè-Àfà. Ewéko ti bo ojú kánáàlì. Lójú ẹni tó ń sá nínú òkùnkùn, ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 1,000, inú kánáàlì yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn sì bá lọ. Àbúrò rẹ̀ wà láyé lónìí torí pé kò jú u lọ́wọ́ sílẹ̀ láàárín èrò. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kó ṣàdédé dẹ̀?

Agbaninímọ̀ràn tá a rí ní Yábà kò bá a wí. Ó ní ohun tó gbà á là nígbà náà ni ara rẹ̀ ṣì ń ṣe, ara ò tíì gbà pé ó ti tán. Ó wá bi í pé, "Ta lẹ̀ ń gbà là báyìí, sà?" Ọkọ mi dákẹ́ títí. Ní báyìí, àwọn ọmọ ló ń di ìka rẹ̀ mú. Bí ẹ̀rù bá bà á, á sọ ọ́ jáde: "Ẹ di dádì mú dáadáa o." Bàtà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò bá a jà sí i. Disẹ́ḿbà nìkan ló le, tí wọ́n bá ń yin bánga.

— Èsì òǹkàwé kan: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Múṣin máa ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Níbi tó ti wá, ẹni tí kò bá fi pamọ́ lè má jẹun lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní kí n nà án kó má baà dolè. Ike onídèérí ni mo rà fún un, mo ní, "Tìẹ nìyí, oúnjẹ ò ní tán níbẹ̀." Tó bá jí lóru, á ṣí i wò, á dé e padà, á sùn. Búrẹ́dì ti kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹran ló kù, inú báàgì iléèwé ló ń kó o sí. Ẹni tó bá mọ ọgbọ́n tí mo lè dá sí ti ẹran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Èèrà ti ń bá a lọ síléèwé.