Míítà ń ka omi tí a kò lò, ògiri yàrá sì ń rin: níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí míítà omi wa ti ń ka iye tí ó ju ìlò wa lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń gbé inú ilé kò pọ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀dà ara ògiri yàrá tí ó fara ti balùwẹ̀ ń wú, ó sì ń bó díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, òórùn èébu sì ń ti ibẹ̀ jáde ní àárọ̀. Oníṣẹ́ kan tí mo pè wo ògiri náà fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ó ní kí a fọ́ gbogbo táìlì balùwẹ̀ kí a lè rí páìpù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á, nítorí pé kò ṣe àyẹ̀wò kankan kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà kò mọ ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí ènìyàn lè gbà mọ ibi tí omi ti ń jò kí a tó gbé òòlù sí ohunkóhun?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú wàhálà o. Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni mo ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Ọkàn yín kò tàn yín. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọ́ nǹkan kan nígbà tí kò tíì mọ irú páìpù tí ń jò, nítorí pé páìpù tí ń gbé omi wọlé àti èyí tí ń gbé omi ìdọ̀tí jáde kì í jò bákan náà. Omi wà nínú ti àkọ́kọ́ ní gbogbo ìgbà, agbára sì ń tì í, nítorí náà bí ó bá lu, tọ̀sán-tòru ni yóò máa jò, míítà yóò sì mọ̀. Èkejì kì í jò àfi ìgbà tí ẹnìkan bá da omi sí i, míítà kò sì lè fi jíjò rẹ̀ hàn, torí pé omi náà ti kọjá lára míítà tipẹ́tipẹ́.

Ní alẹ́, nígbà tí ará ilé bá fẹ́ sùn, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí ẹ sì kọ gbogbo nọ́ńbà ojú míítà sílẹ̀, títí kan àwọn tí a fi pupa kọ. Bí ilé yín bá ní tánkì, ẹ jẹ́ kí ó kún ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi tí ń wọ tánkì ni ẹ óò máa kà sí jíjò. Lẹ́yìn wákàtí 2 tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan omi, ẹ padà lọ kà á. Ọ̀pọ̀ míítà ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ó dà bí ìràwọ̀ tàbí tí ó ní igun mẹ́ta, tí omi tín-ín-rín pàápàá lè yí. Bí ó bá ń yí nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ wà ní títì, omi ń lọ síbì kan. Ẹ wá ti fáàfù tí omi ń gbà wọ inú ilé. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ṣì ń yí, inú ilẹ̀ láàárín míítà àti ilé ni ẹ̀bi wà. Bí ó bá dúró, inú ilé ni kí ẹ ti máa wá a.

Bí ó bá jẹ́ inú ilé, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ kán aró oúnjẹ díẹ̀ sínú àgbá omi tó wà lẹ́yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣan án fún ìṣẹ́jú 30. Bí àwọ̀ náà bá jáde sínú àwo, rọ́bà tí ó dí ìdí àgbá náà kò dí i dáadáa mọ́. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé irú jíjò yìí kì í pariwo, kì í sì í rin ògiri; tààrà ni omi náà ń gba ọ̀nà ìdọ̀tí lọ, tí ènìyàn yóò fi máa sanwó rẹ̀ fún ọdún kan láì rí i.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí oníbèéèrè má ṣe rò pé ohun kan náà ló fa míítà tí ń sáré àti ògiri tí ń rin. Iṣẹ́ bíríkìlà ni èmi ń ṣe, mo sì ti rí ilé tí ó ní àìsàn méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n wo ọ̀kan sàn, tí wọ́n sì rò pé ó ti parí.

Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ fi fa ìlà yí etí ibi tí ó rin lára ògiri, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Bí ẹ kò bá lo balùwẹ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ibi tí ó rin kò sì kọjá ìlà náà, omi tí ẹ fi ń wẹ̀ ni ẹ ní láti fura sí, kì í ṣe páìpù tó ń gbé omi wọlé. Nígbà náà, ẹ fi rọ́bà dí ihò tí omi ṣáwà ń gbà lọ, kí ohun tí ẹ fi dí i sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sínú ẹnu ihò náà, kí ojú ibi tí ilẹ̀ àti ihò ti pàdé lè wà lábẹ́ omi. Ẹ da omi sí i títí yóò fi ga tó ìka méjì, ẹ sàmì sí ojú omi, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Bí omi bá fà, ilẹ̀ tàbí ẹnu ihò ló ń jò. Bí kò bá fà, ẹ yọ rọ́bà náà kí gbogbo omi lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì máa ṣọ́ ògiri. Bí ó bá rin lẹ́yìn èyí, páìpù ìdọ̀tí ló ń jò. Bí balùwẹ̀ náà bá wà lókè yàrá mìíràn, ẹ má ṣe fi omi sùn níbẹ̀. Wákàtí díẹ̀ tó, kí ẹnìkan sì máa wo àjà ìsàlẹ̀.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni omi máa ń jáde síbi tí ó ti jò. Ó lè tọ ara páìpù tàbí ìsàlẹ̀ táìlì lọ títí yóò fi rí ihò, nítorí náà ibi tí ọ̀dà ti ń bó lè jìnnà díẹ̀ sí orísun.

Ìdáhùn kẹta

Ọ̀rọ̀ kan péré ni tèmi. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lára ògiri tí ń rin náà, ẹ pa iná apá ibẹ̀ láti orísun rẹ̀ lónìí, kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò èyíkéyìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá sí ojú ògiri náà. Ẹ ó kàn ti omi mọ́ inú ni, yóò sì wá ibòmíràn jáde.

Oníbèéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ti pa iná apá ibẹ̀, mo sì ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò náà. Kẹ̀kẹ́ ara míítà ń yí ní òru, ó sì dúró nígbà tí mo ti fáàfù ilé. Ọ̀kan nínú ìgbọ̀nsẹ̀ méjèèjì ni àwọ̀ jáde nínú rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Nígbà tí mo ti fáàfù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ míítà kò mira mọ́ di àárọ̀. Síbẹ̀, ògiri ṣì ń rin. A sá fún balùwẹ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ibi tí ó rin kò kọjá ìlà pẹ́ńsù tí mo fà. Nígbà tí mo wá dí ihò ṣáwà, omi fà tó ìdajì ìka ní òru kan, ògiri sì kọjá ìlà náà. Bí a bá ti tẹ̀lé oníṣẹ́ yẹn, páìpù tí kò ní àrùn ni à bá lọ wú. Kí ni kí a ṣe sí i báyìí?

Ìdáhùn kìíní, lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ kò le: ẹ ti fáàfù rẹ̀, ẹ ṣan omi àgbá náà tán, ẹ nu ibi tí rọ́bà ń jókòó sí kí ìdọ̀tí líle tí omi ń fi sílẹ̀ má ṣe wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà tuntun tí ó bá a mu sí i. Ẹ wo ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá kúrú jù, yóò máa fa rọ́bà náà sókè díẹ̀, omi yóò sì máa jò bí ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti ṣáwà, mi ò ní parọ́ fún yín: táìlì díẹ̀ yóò fọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó yí ẹnu ihò ká nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí, torí pé ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé ọrùn ihò náà ti ya kúrò lára páìpù oníke tó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n gé apá tó bàjẹ́, kí wọ́n nu ún gbẹ pátápátá, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù páìpù sí ẹnu méjèèjì, kí wọ́n tì í wọlé, kí wọ́n sì dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ó má ṣe ta padà. Bí ó bá jẹ́ pé ìpele tí ń dènà omi lábẹ́ táìlì ló ti ya, àtúnṣe tí a fi lẹ́ ojú kan kì í pẹ́. Ilẹ̀ ibi ṣáwà nìkan ni kí wọ́n ṣí, kí wọ́n tún ìpele náà ṣe, kí ó sì gun ara ògiri díẹ̀. Balùwẹ̀ tó kù kò ní ẹ̀bi kankan.

Kí wọ́n tó tẹ́ táìlì padà, ẹ tún dí ihò náà, ẹ da omi sí i, kí ẹ sì dúró fún wákàtí 24, kí ẹ tilẹ̀ wà níbẹ̀ fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ha sìmẹ́ǹtì ojú ògiri tó ti rọ̀ kúrò lára ògiri yàrá, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ má sì kun ọ̀dà sí i fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, títí tí yóò fi gbẹ dé inú.